Ààlà tí Ojú Kò Rí: Omi Dídùn àti Omi Òkun Lábẹ́ Ilẹ̀ Etíkun

Nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa omi abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ó jẹ́ ní èdè Yorùbá, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ìwé kankan. Kànga kan ni. Kànga náà wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní apá Lẹ́kí, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàrin òkun àti ọ̀sà. N óò sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní ṣókí, nítorí pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ́ ilé wọn, wọ́n gbẹ́ kànga tí kò jìn ju mítà 4 lọ. Omi rẹ̀ mọ́, ó sì dùn. Òun ni wọ́n fi ń sè, òun ni wọ́n fi ń fọ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ilé kún, ayálégbé dé, omi kò tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bá ránṣẹ́ pè mí, nítorí pé èmi ni mo kàwé nípa ilẹ̀ nínú ẹbí wa. (Ìwé ẹ̀rí mi ti wà lára ògiri nígbà náà.) Mo sì dá wọn lóhùn láìronú pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i, bọ̀ọ̀dá mi. Bí ó bá ti jìn tó ni omi rẹ̀ yóò pọ̀ tó." Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí ó jìn ní mítà 22, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ńlá tí ń fa omi lé e lórí. Oṣù mẹ́rin ni omi náà fi dùn. Ní oṣù karùn-ún, ọṣẹ kò hó dáadáa mọ́. Ní oṣù kẹfà, ìyàwó wọn gbé ọbẹ̀ síwájú mi ní ọjọ́ Sátidé kan, mo tọ́ ọ wò, mo ní iyọ̀ rẹ̀ ti tó jù. Wọ́n ní àwọn kò fi iyọ̀ sí i rárá.

Ní ibi tí ó jìnnà sí òkun, bí Ìkẹjà tàbí Ọ̀tà, ìmọ̀ràn mi ìbá ti ṣe wọ́n ní oore. Ní etíkun, ó lè jẹ́ òdì rẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ gbìyànjú láti ṣàlàyé lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò máa lò. Omi dídùn ni mo ń pe omi òjò, omi odò àti omi kànga tí kò ní iyọ̀. Ilẹ̀ agbomi ni mo ń pe ilẹ̀ oníyanrìn tàbí àpáta oníhò tí omi lè wọ̀, tí ó lè dúró sínú rẹ̀, tí ó sì lè gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ibòmíràn. Ojú omi abẹ́ ilẹ̀ ni ibi tí ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga ti ń kọ́kọ́ kan omi. Kò sí odò tí ń ṣàn nínú ihò lábẹ́ ilẹ̀ Lẹ́kí gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti rò. Àárín hóró yanrìn kan sí èkejì ni omi wà, bí omi ti ń wà nínú gààrí tí a rẹ.

Nísinsìnyí, bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ oníyanrìn tí òkun yí ká, níbo ni omi náà ń gbà? Oòrùn á fa apá kan padà sókè, igi àti koríko á mu apá kan, ìyókù á rìn lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kò ṣófo. Omi òkun ti wà nínú yanrìn náà tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ògiri láàrin òkun àti ilẹ̀ tí ó wà létí rẹ̀. Bí ẹ bá rò pé ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ni òkun parí sí, ojú ni ó ń tàn yín jẹ. Omi òjò tí ń bọ̀ láti òkè á wá bá omi òkun nísàlẹ̀, á máa tì í sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, á sì jókòó lé e lórí, bí epo pupa ti ń jókòó lórí omi nínú ìkòkò.

Ìdí tí ó fi lè jókòó lé e lórí ni pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Lítà omi dídùn kan wọ̀n tó 1,000 gíráàmù. Lítà omi òkun kan wọ̀n tó nǹkan bí 1,025, nítorí iyọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó tó nǹkan bí 35 gíráàmù nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbé korobá omi méjèèjì dání lè má mọ èyí tí ó wúwo jù. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí, orí gíráàmù 25 yẹn ni ó dúró lé.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá to omi dídùn bí òpó tí ó ga ní mítà 41, tí a sì to omi òkun bí òpó mìíràn tí ó ga ní mítà 40, àwọn òpó méjèèjì yóò wọ̀n dọ́gba. Ìtumọ̀ èyí ni pé kí omi dídùn tó lè ti omi òkun lọ sísàlẹ̀ ní mítà 40, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà kan yọrí sókè ju ojú òkun lọ. Mítà kan lókè, mítà 40 nísàlẹ̀. Ẹ rántí ìtì igi tí ó léfòó lójú omi: díẹ̀ ni ojú ń rí, èyí tí ó pọ̀ jù wà nínú omi, èyí tí ó wà nínú omi sì ni ó gbé èyí tí a rí dúró. Bẹ́ẹ̀ ni omi dídùn ṣe léfòó lórí omi òkun nínú yanrìn etíkun. Ní ilẹ̀ tí omi yí ká, ó a máa nípọn ní àárín, á sì máa fẹ́lẹ́ lọ sí etí méjèèjì, bí ikùn ọkọ̀ ojú omi.

Òye yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1828, Joseph Du Commun, ẹni tí ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàtọ̀ ìwúwo ni ó ń gbé omi dídùn ró lórí omi òkun nínú ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ni Badon Ghyben, ọmọ ogun tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tún rí ohun kan náà nígbà tí ó ń ṣe àyẹ̀wò nípa kànga tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ nítòsí Amsterdam. Ní ọdún 1901 ni Herzberg, ará Jámánì, rí i fúnra rẹ̀ ní àwọn erékùṣù òkun àríwá ilẹ̀ wọn. Orúkọ àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni ayé fi ń pe òfin náà títí di òní. Du Commun kò rí nǹkan kan gbà nínú ìyìn. Bí ọ̀rọ̀ ti máa ń rí lọ́jà ni ó ń rí nínú ìmọ̀ nígbà mìíràn.

Òfin náà dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé omi méjèèjì dúró gbagidi, tí ààlà wọn sì mú bí ojú ọ̀bẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi dídùn ń rìn nígbà gbogbo láti ibi tí ó ga lọ sí òkun. Henry Darcy ti fi ìṣirò bí omi ti ń rìn nínú yanrìn han ayé láti ọdún 1856. Omi iyọ̀ pàápàá kò jókòó. Ní ọdún 1959, Hilton Cooper ṣàlàyé, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní agbègbè Miami, pé omi òkun ń gba ìsàlẹ̀ wọ inú ilẹ̀, ó ń bá omi dídùn pàdé, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dàpọ̀ mọ́ ọn, omi àdàpọ̀ náà sì ń yípo padà jáde sínú òkun. Nítorí náà, ààlà tí mo ń sọ jẹ́ àgbègbè kan tí omi ti ń lọ́ díẹ̀díẹ̀ láti dídùn sí oníyọ̀. Ó lè nípọn ní mítà díẹ̀ péré, ó sì lè nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìgbì, ìkún àti ìfà òkun, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wọn ni ó ń mì ín. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ibi tí omi dídùn ti ń jáde sínú òkun yìí jẹ́ ohun ìyanu tí ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Strabo, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, kọ ọ́ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn pé nígbà tí ogun bá dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará erékùṣù Arados ní etíkun Síríà, wọn a máa tu ọkọ̀ lọ sí ojú ìsun omi dídùn kan tí ó wà nísàlẹ̀ òkun. Wọn a fi àrọ tí a fi òjé ṣe dé e lójú, wọn a so ọ̀pá awọ mọ́ ẹnu àrọ náà, omi dídùn á sì gba inú rẹ̀ gòkè wá bá wọn nínú ọkọ̀. Ní ayé òde òní, Willard Moore fi rédíọ́ọ̀mù, èyí tí omi máa ń kó jáde láti inú ilẹ̀, ṣe ìṣirò ní ọdún 1996 pé omi tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ òkun ní apá kan etíkun gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 omi tí àwọn odò ibẹ̀ ń kó wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi òkun tí ó ti wọ inú ilẹ̀ lọ tí ó tún ń padà jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó ń kó bọ̀: ohun tí ń bọ́ àwọn ẹ̀dá inú omi, àti ẹ̀gbin wa pẹ̀lú.

Àwọn ará etíkun tiwa kò dúró de Moore kí wọ́n tó mọ̀ pé omi dídùn wà nítòsí òkun. Ẹni tí ó bá ti lọ sí Gbẹrẹfu ní ìhà kejì ọ̀sà Àgbádárìgì yóò ti rí kànga tí ó wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń mú àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Èmi kì í ṣe òpìtàn, n kò sì ní bá àwọn onítàn du ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ohun tí ojú mi rí ni pé ọ̀sà wà lẹ́yìn kànga náà, òkun wà níwájú rẹ̀, ilẹ̀ tí ó gbé e dúró kò ju yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Òjò tí ó ń rọ̀ sórí yanrìn yẹn nìkan ni ó ń pèsè omi fún un. Kò jìn, ohun tí ó sì jẹ́ kí ó ṣeé mu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Lẹ́kí. Lẹ́yìn ọ̀ràn ọbẹ̀ yẹn ni ìtìjú mú mi, mo gbé irinṣẹ́ mi, mo lọ ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó lanu. Mo wọn ilẹ̀ àgbàlá náà: mítà 2 péré ni ó fi ga ju ojú òkun lọ. Ojú omi abẹ́ ilẹ̀, kí a tó gbé ẹ̀rọ wá, fi nǹkan bí 75 sẹ̀ǹtímítà ga ju ojú òkun. Bí ẹ bá fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí i pé omi dídùn náà lọ sísàlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 30 lábẹ́ ojú òkun. Kànga ẹ̀rọ tí ó jìn ní mítà 22 láti orí ilẹ̀, ẹnu páìpù rẹ̀ wà ní mítà 20 lábẹ́ ojú òkun. Mítà 10 omi dídùn ni ó kù láàrin rẹ̀ àti omi iyọ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, mítà 10 pọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ojú omi wálẹ̀ ní ìdí kànga náà ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Kò tó gígùn ẹsẹ̀ ọmọdé méjì. Ẹ tún fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀: mítà 10. Omi iyọ̀ gbéra nílẹ̀, ó ga sókè lábẹ́ kànga náà bí òkìtì, títí orí òkìtì náà fi kan ẹnu páìpù. Oṣù mẹ́rin tí ó fi dùn kì í ṣe àmì pé ìmọ̀ràn mi dára. Àkókò tí omi iyọ̀ fi ń gun òkè bọ̀ ni.

Kì í sì í ṣe dandan kí òkìtì náà dé tán kí kànga tó bàjẹ́. Omi òkun ní nǹkan bí 19 gíráàmù kíláráìdì nínú lítà kan, ahọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì ti máa mọ̀ ọ́n lára bí ó bá ti ju ìdá mẹ́rin gíráàmù kan lọ. Ìyẹn ni pé ife omi òkun kan ṣoṣo nínú nǹkan bí ife omi dídùn 75 ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún mímu. Ó dára láti fi fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n á máa jẹ páìpù irin, á sì máa pa ẹ̀fọ́ inú ọgbà.

Èyí tí ó dùn mí jù kò tíì dé. Ní ẹ̀yìn ògiri ẹ̀gbọ́n mi ni opó àgbàlagbà kan ń gbé, tí ó ń ta ẹ̀kọ. Kànga kékeré ni ó ní, kò gbẹ́ ẹ jìn, kò ra ẹ̀rọ, agbè rẹ̀ ni ó fi ń fà á. Kànga rẹ̀ náà sì yọ iyọ̀. Ẹ̀kọ kò dì bí ti tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà ń bú u. Ní ọjọ́ tí mo lọ wọn omi tirẹ̀, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, àbí òkun ti ń bọ̀ wá sílé ni?" Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, Màmá." N kò ní ìgboyà láti sọ fún un lọ́jọ́ náà pé ẹ̀rọ tí ó ń kùn lẹ́yìn ògiri rẹ̀ ni ó pe òkun wá, àti pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ògiri àgbàlá kò dé inú ilẹ̀ agbomi. Omi kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń mu, bí olúkúlùkù tilẹ̀ ní kànga tirẹ̀.

Bí ẹ bá wá fi ojú ilé kan wo gbogbo Èkó, ẹ óò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Kí omi ẹ̀rọ tó dé, omi kànga àti omi òjò ni Èkó ń mu. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará ìlú láti fi ṣe omi ẹ̀rọ, àwọn ènìyàn yarí. Ní ọdún 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti dojú ìjà kọ owó náà. A kì í bá ẹni tí kànga rẹ̀ dùn wí bí ó bá kọ̀ láti sanwó. Síbẹ̀, iṣẹ́ omi Ìjú tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1910 ṣe ilẹ̀ etíkun ní oore kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nígbà náà: ó ń bu omi láti òkè odò wá, ó sì jẹ́ kí omi abẹ́ yanrìn sinmi. Ní àkókò tiwa, ìlú dàgbà ju páìpù lọ, olúkúlùkù onílé sì padà sí ìdí kànga, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe pẹ̀lú agbè. Iná mànàmáná àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń fà á.

Kì í ṣe òkun nìkan ni ó ń mú iyọ̀ wá. Ọ̀sà Èkó a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn tán ní ìgbà òjò, nígbà tí odò Ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá kún wọ inú rẹ̀; ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á gba ẹnu èbúté wọlé, ọ̀sà á sì di oníyọ̀. Ilẹ̀ Lẹ́kí wà láàrin àwọn méjèèjì. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Àwọn Faransé la ọ̀nà omi láti adágún Nokoué dé òkun ní Kútọnu ní ọdún 1885, omi òkun sì rí ọ̀nà wọ adágún náà. Lónìí, àwọn kànga ńlá tí ó wà ní Godomey, tí Kútọnu gbẹ́kẹ̀ lé fún omi mímu, ń bẹ̀rù adágún náà ju bí wọ́n ti ń bẹ̀rù òkun lọ, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ wọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣebí àwọn kan gbẹ́ kànga tí ó jìn gidigidi ní Lẹ́kí àti Victoria Island, tí wọ́n sì rí omi dídùn? Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Èkó kì í ṣe yanrìn kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yanrìn wà, amọ̀ wà, yanrìn tún wà lábẹ́ amọ̀, bí ewé tí a tò lé ara wọn. Yanrìn ìsàlẹ̀ pátápátá yìí yọ sójú ilẹ̀ ní òkè ọ̀hún, ní ọ̀nà àríwá, níbi tí òjò ti ń wọ inú rẹ̀, tí omi náà á sì máa rìn wá sí ìhà òkun lábẹ́ amọ̀. Ìdí nìyẹn tí omi dídùn fi lè wà lábẹ́ omi iyọ̀, ohun tí òfin Ghyben àti Herzberg kò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ̀, ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú omi iyọ̀ kọjá. Bí páìpù rẹ̀ bá jẹ́ irin lásán, iyọ̀ á jẹ ẹ́. Bí kò bá fi sìmẹ́ńtì dí àyíká páìpù náà dáadáa, omi iyọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dídùn ìsàlẹ̀. Kànga kan tí a kò ṣe dáadáa lè di ojú ihò tí a lu sí ìdí ìkòkò gbogbo ará ìlú, ọ̀pọ̀ nínú irú kànga bẹ́ẹ̀ ni a sì ti pa tì láìdí.

Àwọn ìlú mìíràn ti jìyà èyí ṣáájú wa. Láti ọdún 1853 ni Amsterdam ti ń fa omi láti inú òkìtì yanrìn etíkun rẹ̀. Wọ́n fà á títí omi iyọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí, wọ́n sì wá ọgbọ́n ṣe: láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń fi páìpù gbé omi odò Rhine wá tú sórí yanrìn náà, kí ó lè rì sínú rẹ̀, kí ó sì ti omi iyọ̀ padà sẹ́yìn. Ní Miami, odò ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́ láti fi gbẹ ilẹ̀ àbàtà ni ó mú ojú omi abẹ́ ilẹ̀ wálẹ̀ tí òkun fi wọlé bá kànga ìlú. Wọ́n ní láti kọ́ ìsénà sí ẹnu àwọn odò náà. Ní Kalifóníà, wọ́n to kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn létí òkun, wọ́n sì ń ti omi wọ inú wọn lọ dípò kí wọ́n fà á jáde, kí omi náà lè di odi. Owó ńlá ni gbogbo èyí, n kò sì gbà pé kí a kọ́kọ́ sáré sí ìdí wọn.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí mítà kan àti ààbọ̀ omi òjò ni ó ń rọ̀ sí Èkó lọ́dọọdún, ẹ̀bùn tí ilẹ̀ gbígbẹ kò ní. Kí ni à ń ṣe sí i? A fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá láti ògiri dé ògiri, a la gọ́tà, a darí omi dídùn sínú ọ̀sà, a wá ń fi ẹ̀rọ fa ìwọ̀nba tí ó kù lábẹ́ ilẹ̀. Èmi kò rí ọgbọ́n kankan nínú ìyẹn. Àgbàlá oníkoríko ń bọ́ kànga. Kànga tí kò jìn, tí ó jìnnà síra, tí à ń fà díẹ̀díẹ̀, ó sàn ju ọ̀kan tí ó jìn tí à ń fà tìpá-tìkúùkù. Òótọ́ ni pé omi tí kò jìn kì í pẹ́ gba ẹ̀gbin láti inú ṣáláńgá àti ihò ìgbẹ́, nítorí náà kíkà jíjìnnà sí ṣáláńgá àti síse omi kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Ẹ̀gbin ṣeé sè kúrò, ó kéré tán èyí tí ó jẹ́ kòkòrò. Iyọ̀ kò ṣeé sè kúrò; bí ẹ bá ti ń sè é tó ni yóò máa pọ̀ tó.

Ohun tí a ṣe ní ilé ẹ̀gbọ́n mi nìyí. A yọ ẹ̀rọ ńlá náà, a sì fi sìmẹ́ńtì dí kànga ẹ̀rọ yẹn láti ìdí dé ẹnu. A gbẹ́ kànga méjì tí kò jìn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, a fi ẹ̀rọ kékeré sí wọn tí kì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. A fi gọ́tà yí òrùlé ká, omi òjò ń lọ sínú tánkì. Wọ́n hú idajì kọnkéré àgbàlá náà, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ìyàwó wọn, nítorí ẹrẹ̀. Mo sì lọ bá Màmá ẹlẹ́kọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti kọ́kọ́ kùn.

Omi iyọ̀ a máa wọlé ní oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń jáde, nítorí pé omi òjò ni yóò fọ̀ ọ́ kúrò ní hóró yanrìn kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta ọdọọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù, mo máa ń gbé irinṣẹ́ mi lọ wọn omi kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti dùn padà. Ti Màmá dára láti oṣù karùn-ún títí dé ìparí ọdún, ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ṣì ń yọ iyọ̀ díẹ̀, nítorí náà omi tánkì ilé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ ní àkókò yẹn. Rọ́bà kan gba orí ògiri kọjá fún un.